Kì í Ṣe Ọwọ́ Ìyàwó Mi Ló Lu Àwọn Ihò Náà

Ìyàwó mi ti wọ ilẹ̀, òótọ́ tí mo fi pa mọ́ fún un nígbà ayé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá a wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ nílé bátìrì, àti ìwọ ọmọ àbúrò mi tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí. Ìyá yín kò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwọn ihò tí wọ́n rí nínú àpò síńkì, èmi ni mo lù wọ́n. Mo mọ̀ pé èmi ni, mo dákẹ́, wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù ú títí ó fi kú. Mo sọ ìdí ọ̀rọ̀ ṣáájú orí rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ fi ìtàn gígùn bò ó mọ́lẹ̀. Ó wá ku kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti lè dúró tí n kò dúró.

Kí n tó dé ilé bátìrì, atúnnǹkanṣe ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Rédíò, fáànù, tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ tí àwọn káfíńtà fi ń lu igi, kò sí èyí tí kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn bátìrì inú ẹ̀rọ àwọn káfíńtà yìí máa ń dákú. O lè fi wọ́n sí iná láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, wọn kò ní gbà á, òdo ni mítà yóò máa fi hàn ọ́. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà mọ ohun tí à ń ṣe sí i. A ó so wáyà méjì tó nípọn mọ́ bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù, a ó wá fi ẹnu wáyà náà kan èyí tó dákú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fìrí, bí ẹni gbá ọmọ létí. Iná yóò ṣẹ́ pàrá. Bí o bá tún gbé mítà sí i, ó ti jí. Lílù-jí ni à ń pè é. Oníbàárà yóò dúpẹ́, yóò gba nǹkan rẹ̀, yóò máa lọ. Bó bá tún dákú, a ó tún lù ú jí. Torí èyí ni wọ́n ṣe sọ mí ní Ajíǹde, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi nínú. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá ń yára sọ pé nǹkan ti kú, kò mọṣẹ́ ni.

Ọmọ àbúrò mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bátìrì ní yunifásítì. Nígbà tó dé, ó háyà ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì, ó kun ún ní funfun, ó wá bẹ̀ wá wò, èmi àti ìyàwó mi. Ó ní bátìrì tí kò ní kúrò lójú kan ni òun fẹ́ ṣe, èyí tí yóò máa jókòó sẹ́yìn ilé ìwòsàn tàbí ilé ìwé, tí yóò gba iná oòrùn lọ́sàn-án, tí yóò sì máa yọ ọ́ lò nígbà tí oòrùn bá lọ. Níkẹ́lì wà lápá kan, síńkì wà lápá kejì, omi ló wà láàárín wọn. Ó ní, “Bàbá, èyí ò ní gbiná jó ilé onílé. Síńkì pọ̀, kò wọ́n, tó bá sì gbó, èèyàn lè yọ́ ọ kó tún un lò.” Mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo ayé kò fi máa ṣe é. Ó ní, “Síńkì ò mọ̀ ọ́n jókòó. Ní gbogbo ìgbà tá a bá fi iná sí i, ó máa ń hu irun. Irun yẹn á máa gùn, á gún ohun tó wà láàárín já, á lọ kan níkẹ́lì. Ọjọ́ tó bá ti kàn án, bátìrì ti ṣọ́ọ̀tì nìyẹn, ó tán.” Mo ní, “Wá fi díẹ̀ pa mí lórí nígbà náà, irun ti kọ̀ láti hu níbẹ̀.” Ìyàwó mi ní, “Má dá a lóhùn, bó bá hu irun tán, aya kejì ló máa wá kiri.” A rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ṣàlàyé pé òun ti rí ohun kan tí òun yóò pò mọ́ síńkì tí kò ní jẹ́ kí irun náà tètè gùn, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ dán an wò kí òun tó lè fi ẹnu sọ ọ́ lójú ayé.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbà láti bá a ṣiṣẹ́. Aránṣọ ni, máṣíìnì sì ti ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tí Ẹnjiníà gbé lé e lọ́wọ́ ni kó máa fi awọ fẹ́lẹ́ kan, tó funfun tó sì fúyẹ́ bí awọ inú ẹyin, ṣe àpò tí wọn yóò máa ki síńkì bọ̀. Àpò yìí ni kì í jẹ́ kí síńkì fara kan níkẹ́lì. Wọ́n fún un ní igi pẹlẹbẹ kan láti máa fi tẹ ojú ìṣẹ́po, ṣùgbọ́n èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń lò. Ó ní igi kì í sọ̀rọ̀, pé èékánná ló ń sọ fún òun bí awọ kan bá ní àbùkù. Ojú ìṣẹ́po nìkan ló ń fi èékánná tẹ̀. Bó bá fẹ́ tẹ́ awọ náà kó jọ̀lọ̀ kó tó ṣẹ́ ẹ po, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń ṣe é, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Mo wò ó títí lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Ìyá Alápò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Olómi, ọkùnrin tó ń po omi bátìrì, a máa bi í pé, “Ìyá Alápò, ṣé ẹ ò lè ṣe àpò kékeré kan fún mi tí ìyàwó mi ò ní rí?” Ìyàwó mi á ní, “Síńkì ló ń wọ àpò tèmi. Tìrẹ, irọ́ ló máa kún un.”

Èmi, ìdí tábìlì ìdánwò ni wọ́n fi mí sí. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fi iná sínú àwọn bátìrì, tó tún ń fà á jáde títí wọn yóò fi gbẹ, tí yóò sì tún fi sí i. Bí iná bá wọlé tó sì jáde, ìrìn kan nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ wọn, kí n máa nu ẹnu wáyà tí ìdọ̀tí funfun bá bò, kí n sì sọ èyí tó bá kú àti bí ó ti rìn tó kó tó kú. Ẹnjiníà là á yé mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́: “Bàbá, ikú wọn ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ má bá mi tọ́jú wọn o. Ẹ kàn máa wò wọ́n.” Mo ní mo gbọ́. Etí mi ló gbọ́, ọwọ́ mi kò gbọ́.

Bátìrì kan wà ní igun tábìlì náà tó ti rìn jìnnà ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àgbà ni a sọ ọ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wọlé láàárọ̀, wọ́n á kí i pé, “Àgbà, ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣé ara le?” Olómi á fi ohùn arúgbó dáhùn láti ìdí agbada omi rẹ̀ pé, “Ara ò le, ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹ́ kú, ẹ jẹ́ n gbowó oṣù yìí ná.” Ẹnjiníà náà a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa fi ọwọ́ kan Àgbà kó tó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn àlejò ń bọ̀ láti wá wo iṣẹ́ náà, mo dé kí àwọn ẹlòmíràn tó dé, mo bá Àgbà tó ti tutù. Mítà fi òdo hàn mí. Bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lábẹ́ tábìlì tí a fi ń tan gílóòbù bí iná bá lọ. Mo dá ẹ̀rọ dúró bí ẹni fẹ́ nu ẹnu wáyà, nítorí a gbà mí láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fa wáyà méjì, mo lù ú. Ó ṣẹ́ pàrá, ó jí. Mo dá ẹ̀rọ padà, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, inú mi dùn, bí ìgbà tí mo bá oníbàárà tún ẹrù rẹ̀ ṣe. Mo rò pé mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìtìjú.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, bóyá à bá pè é ní àìmọ̀. N kò dúró. Àwọn mìíràn kú, mo lù wọ́n jí. Nígbà tó yá, ọ̀kan kọ̀ láti jí mọ́. Mo tú u lẹ́yìn ilé láti wo ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo fa àpò rẹ̀ yọ tí mo gbé e síwájú oòrùn, mo rí ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ara rẹ̀, etí wọn dúdú. Ó yé mi níbẹ̀ níbẹ̀. Iná tí mo fi ń lù wọ́n ń jó irun síńkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jó irun ló ń jó àpò. Àwọn tí mo pè ní alààyè, òkú tí mo gbé nàró ni wọ́n. Ibẹ̀ ni Olómi ti bá mi. Ó ní, “Bàbá Ajíǹde, òkú ta lẹ ń fọ̀ níbí?” Mo ní mò ń wò ó ni. Ó ní, “Ẹ máa wò ó. Mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń ṣẹ́ pàrá láàárọ̀, mo rò pé eku ló ń jẹ wáyà ni.” Mo bi í bóyá yóò sọ fún Ẹnjiníà. Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú báàfù. Ó ní, “Omi ni wọ́n gbà mí fún. Ẹni tó ń po omi kì í dá sọ́rọ̀ iná. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.” Kò sì sọ ọ́. N kò dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àgbà sọ ni mo ń dúró kí ẹni tó kéré sí mi bá mi sọ.

Mo ti mọ̀ báyìí, síbẹ̀ n kò lè sọ ọ́. Bí mo bá sọ ti ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ sọ ti Àgbà, àwọn àlejò sì ti rí Àgbà, wọ́n ti fi ọwọ́ kàn án, wọ́n ti gbàgbọ́. Ẹnjiníà ti fi ìrìn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ohun tó pò mọ́ síńkì náà ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà mo ń lù wọ́n, mo ń dákẹ́. A kó bátìrì jọ, àpótí lórí àpótí, a lọ tò wọ́n sẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí kan, nínú yàrá tí páànù bò tí ooru sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń yìn wọ́n. Kò tíì pẹ́ tó iye ìgbà tí a ṣèlérí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóru ọjọ́ kan, fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí gbóná, obìnrin kan sì wà nínú ìrọbí tó nílò ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ó yè, ọmọ rẹ̀ náà yè. N kò sọ èyí láti mú ẹ̀bi mi fúyẹ́. Awakọ̀ tó mọ ọkọ̀ wà ló jẹ́ kí wọ́n yè, kì í ṣe èmi. Àgbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ fún Ẹnjiníà pé, “Ẹ wá kó àpótí yín. Ẹ má ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi, mo ti rí bí kò ṣe ń ṣiṣẹ́.”

Nígbà tí a kó wọn dé, Ẹnjiníà tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì gígùn, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tú ti ilé ìgbẹ̀bí, ó sì tú Àgbà àti àwọn tó wà lórí tábìlì ìdánwò. Nínú ti ilé ìgbẹ̀bí, irun síńkì ti gún àpò já. Nínú tiwa, ihò ló pọ̀ níbẹ̀. Ó gbé awò asọ-nǹkan-di-ńlá sí i, ó pè mí. Ó ní, “Bàbá, ẹ wá wò ó. Etí ẹ̀ dúdú, bí ẹni pé ó jó. Ṣé kò sẹ́ni tó fi iná ńlá kan àwọn bátìrì yìí?” Mo ní, “Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí mo wà? Omi bátìrì ló jẹ ẹ́ létí.” Ó wò mí, mo wò ó padà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ sílé ìwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí àìsàn dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í bi àgbà ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fi ẹ̀kọ́ rere tí a kọ́ ọ ṣe ibi tí mo sá pamọ́ sí.

Ó jókòó, ó ń rò ó sókè. Ó ní bí kò bá jẹ́ iná, a jẹ́ pé ihò ti wà lára àpò kó tó wọnú bátìrì. Ó ní síńkì tòun kò ṣẹ̀, pé nínú yàrá tútù tiwa ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n nígbà tó dé inú ooru, ó bá ọ̀nà tó ti là sílẹ̀, ó gba ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì ń kan awọ náà kó tó wọ bátìrì. Ó rọra bi mí pé, “Bàbá, ṣé Màámi máa ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ẹ sì rí i pé ènìyàn lè fi òótọ́ pa ènìyàn. Ó ní, “Ṣùgbọ́n àwọn míì jìnnà sójú ìṣẹ́po.” Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ó ṣí i sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Mo pa á dé. Mo ní, “Ó máa ń fi èékánná ra gbogbo ojú awọ náà kó tó ṣẹ́ ẹ po.”

Wọ́n pe ìyàwó mi. Ẹnjiníà kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní, “Màámi, ẹ̀bi mi ni, mi ò kọ́ yín dáadáa.” Ó fi àwọn ihò náà hàn án lábẹ́ awò. Ìyàwó mi wò wọ́n pẹ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó wo èékánná rẹ̀, ó wá yíjú sí mi. Ó ní, “Bàbá wọn, ṣé mo máa ń fi èékánná ra á ni? Mi ò rántí pé mo máa ń ra á.” Gbogbo ohun tí mo ti sọ sẹ́yìn, mo lè pè é ní irọ́ lásán. Ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Mo wo ojú ìyàwó mi tí a ti jọ tọ́mọ, mo ní, “Ọwọ́ tí iṣẹ́ bá ti mọ́ lára kì í mọ ohun tó ń ṣe mọ́. O máa ń ra á.” Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí, ó ní kó má bínú. Ẹnjiníà sáré gbé e dìde, omijé bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Èmi dúró síbẹ̀, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Kò padà síbi iṣẹ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lé e. Nígbà tí a délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gé gbogbo èékánná rẹ̀ débi ẹran. Ó fi máṣíìnì rẹ̀ tọrẹ. Ẹ̀yin ọmọ rántí pé ẹ bi í ìdí tí kò fi rán aṣọ ìkómọ fún ọmọ yín, ó ní ojú òun ló ti ń ṣú. Ojú rẹ̀ kò ṣú. Títí ó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ń ka nọ́ńbà ara bébà oògùn láìlo awò. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò fọkàn tán mọ́. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ń ṣa ìrẹsì, pé, “Nínú ohun gbogbo tí mo ní, ọwọ́ mi ni mo rò pé mo mọ̀ jù.” Mo ń ka ìwé ìròyìn, mo yí ojú ewé.

Nígbà tí àìsàn náà le, tó mọ̀ pé òun kò ní dìde mọ́, ó rán mi níṣẹ́. Ó ní, “Bá mi bẹ ọmọ yẹn. Ó ní òun ti dárí jì mí, àmọ́ mo fẹ́ kó tún un sọ.” Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí n sọ òótọ́ fún un nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Mo wọ bàtà mi, mo jíṣẹ́. Mo jókòó nínú ọ́fíìsì Ẹnjiníà, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi ní orúkọ ìyàwó mi. Ó sunkún, ó ní, “Ẹ sọ fún Màámi pé ó ti tán lọ́kàn mi, ó ti pẹ́. Ẹ ní kí wọ́n sinmi.” Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà, mo sì sọ ọ́ sí i létí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ dá mi lẹ́jọ́ bó ṣe yẹ. Mo jẹ́ kí obìnrin náà kú pẹ̀lú ìdáríjì tí kì í ṣe tirẹ̀, mo sì gba ọpẹ́ lé e lórí.

Mo ti pinnu láti gbé e kú bẹ́ẹ̀. Ohun tó yí mi padà kò tóbi. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wa kẹ́dùn. Ẹnjiníà ti kó àwọn ènìyàn tuntun jọ, iṣẹ́ náà ti ń gbérí. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àpò, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń dá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́kun. Ó ní, “Rọra o, kó o má lọ ṣe Ìyá Alápò sí i.” Ẹnìkejì ní, “Ta ń jẹ́ Ìyá Alápò?” Ó ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń pe ihò níbí nìyẹn.” Wọn kò mọ̀ pé èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sì ní i lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí wọ́n fi ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín ti di orúkọ àbùkù lẹ́nu àwọn tí kò rí i rí. Nínú ọ́fíìsì, Ẹnjiníà sọ fún mi pé òun ti fẹ́ ra awọ mìíràn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé síńkì náà wà bó ṣe wà, àpò nìkan ni òun máa yí padà, ilé ìwòsàn kan sì ti ń dúró dè wọ́n. Mo ní ó dáa. Mo dé ìta. Mo jókòó sórí pèpéle títí ọlọ́dẹ fi wá bi mí bóyá kí òun bá mi pe ọkọ̀.

Nítorí náà, Ẹnjiníà, gbọ́ ohun tó kàn ọ́ nínú iṣẹ́ ná. Má ra awọ tó nípọn yẹn. Àpò kò ṣẹ̀. Ohun tí o pò mọ́ síńkì kò dá irun náà dúró tó bí o ṣe rò. Àgbà kò rin ìrìn tí o fi ṣe ẹ̀rí. Ó ti kú kí àwọn àlejò tó rí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì kú ṣáájú ohun tí mo sọ fún ọ. Bí o bá wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ ìdánwò, gbogbo ibi tó bá ti sọ pé a dá a dúró láti nu wáyà, tí agbára bátìrì sì wá gbéra láti orí òdo lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gba ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ó sàn kó gbà á lọ́wọ́ rẹ ju kí obìnrin mìíràn wà lórí ibùsùn ìrọbí kí iná sì kú. Ìdáríjì tí o fi rán mi sí ìyàwó mi, mo gbà á lọ́nà èké, mo dá a padà. Bí o bá fẹ́ fún mi ní òmíràn, mo bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá fẹ́, n kò ní rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kí ẹ yára dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ bá ìyá yín ṣọ̀fọ̀ lákọ̀tun, nítorí ẹni tí ẹ sin kì í ṣe ẹni tí ẹ rò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó sì ń dúró nídìí tábìlì ìdánwò, ohun tó bá kú lójú yín, ẹ jẹ́ kó kú, kí ẹ sì sọ pé ó kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ fẹ́ràn ẹni tó ṣe é. Mo ti sọ fún Ẹnjiníà pé mò ń bọ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé láti ka ìwé yìí sókè nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àpò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ àwọn obìnrin ibẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí wọn yóò máa fi pe ihò, mo mọ̀, iṣẹ́ kì í ṣe é ṣe láìsí orúkọ. Láti ọjọ́ náà lọ, kí wọ́n máa pè é ní Ajíǹde.